Òòlù dókítà lórí orúnkún: Bí ọpọlọ àti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe ń darí ìrìn wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni dókítà ti fi òòlù rọ́bà kékeré kan gbá lábẹ́ orúnkún rí. Dókítà á ní kí aláìsàn jókòó sí etí ibùsùn, kí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa fì, kí ó má sì ṣe le ara. Bí òòlù bá ti bà á, ẹsẹ̀ á fò síwájú fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á rò pé eré lásán ni.

Kì í ṣe eré. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òòlù yẹn lè sọ fún dókítà bóyá inú ọpọlọ ni ìṣòro aláìsàn wà, tàbí inú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí lára àwọn fọ́nrán tó ti inú okùn náà jáde lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Ohun kan náà yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbára lé nígbà tí wọ́n ń ṣọ́ àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ káàkiri àwọn abúlé Nàìjíríà, Niger àti Chad. Òun náà ló ṣàlàyé ìdí tí ẹsẹ̀ ọmọdé kan fi lè rọ bí aṣọ, tí ẹsẹ̀ bàbá àgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú sì le bí igi.

Ọ̀nà kúkúrú: ìdáhùn tí kò dúró de ọpọlọ

Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn wà nínú ihò tó la àárín àwọn eegun ẹ̀yìn já. Gígùn rẹ̀ nínú àgbàlagbà jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 45, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ. Láti ọrùn títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, méjì méjì ni àwọn fọ́nrán ń yọ lára rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ní ọ̀nà 31.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan yé wa níbí. Nínú èdè Yorùbá ojoojúmọ́, orúkọ kan ṣoṣo, iṣan, ni a máa ń pe ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń fa eegun àti ohun tó ń gbé ìròyìn nínú ara. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, iṣan ni ẹran ara tó ń súnkì tó sì ń fa eegun. Fọ́nrán ni okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní nerve.

Lọ́dún 1822, François Magendie, onímọ̀ ará Faransé, fi hàn pé ẹnu ọ̀nà méjì ni okùn yìí ní. Ìròyìn láti ara ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, àṣẹ tó ń lọ sí iṣan sì ń gba iwájú rẹ̀ jáde. Àárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì yìí ni ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ ti ń wáyé, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní reflex.

Nígbà tí òòlù bá ba okùn líle tó wà lábẹ́ eegun orúnkún, ó máa ń fa iṣan iwájú itan gùn díẹ̀. Nínú iṣan náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké wà, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ bí iṣan ṣe gùn tó. Wọ́n á ránṣẹ́ lọ sí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Níbẹ̀, fọ́nrán tó mú ìròyìn wá á kan sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún iṣan yẹn gan-an láìsí alárinà kankan, sẹ́ẹ̀lì náà á sì ní kí iṣan súnkì. Ẹsẹ̀ á fò. Láti ìgbà tí òòlù bà á dé ìgbà tí iṣan dáhùn, kò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọpọlọ náà á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ti parí ni yóò tó gbọ́.

Ọdún 1875 ni dókítà méjì ní Jámánì, Wilhelm Erb àti Carl Westphal, kọ̀wé lórí ìdáhùn orúnkún yìí, olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò dá a nítorí òòlù dókítà. Obìnrin tó ru ẹrù wúwo kọjá nínú ọjà Dantokpa ní Cotonou lè fi ẹsẹ̀ gún ibi tí ilẹ̀ ti jìn. Orúnkún rẹ̀ á fẹ́ yẹ̀, iṣan iwájú itan á gùn, ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ á sì fà á padà kí ó tó mọ̀ pé òun fẹ́ ṣubú. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá wà lórí ìdúró ni iṣẹ́ yìí ń lọ lábẹ́lẹ̀.

Apá kan tún wà nínú rẹ̀ tí ojú kì í rí. Iṣan iwájú itan kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣan ẹ̀yìn itan bá ń fà á padà. Nítorí náà, bí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe ń pàṣẹ fún ọ̀kan pé kó súnkì, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pàṣẹ fún èkejì pé kó dákẹ́, nípasẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìpanimọ́. Onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Sherrington, ló tú iṣẹ́ yìí wò fínnífínní, lára ohun tó sì mú kí òun àti Edgar Adrian jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1932 nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìdákẹ́ yìí yóò tún padà wá nígbà tí a bá dé orí àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni oró àrùn náà ń bà jẹ́.

Ìdáhùn ti ẹni tó tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ gbòòrò ju ti orúnkún lọ. Ẹsẹ̀ tó gbọgbẹ́ á ká sókè, èkejì á sì le gbagidi lẹ́sẹ̀ kan náà láti gba ìwọ̀n ara, kí onítọ̀hún má baà ṣubú lu ìṣó kejì. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kó tó pariwo. Ẹni tó bá ti pa adìyẹ rí kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ lórí èyí: orí ti kúrò lọ́rùn, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ṣì ń ta, apá ṣì ń lu ilẹ̀. Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń dá ṣe é.

Ọ̀nà gígùn: láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀

Bí ó bá jẹ́ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn nìkan ni, kò sí ẹni tí ìbá lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná láti orí iná dé orí tábìlì. Ọwọ́ á ti jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó mọ̀ pé ọmọ ń ṣeré nítòsí lè fara da iná náà títí yóò fi gbé ìkòkò kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọpọlọ ló ránṣẹ́ sílẹ̀ pé kí ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ ní sùúrù.

Apá òkè ọpọlọ ni àwọn fọ́nrán tó ń gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bíi mílíọ̀nù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ, nítòsí ibi tó ti pàdé okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, á ré kọjá sí òdìkejì. Ìdí nìyí tí ìpalára ní apá òsì ọpọlọ fi ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹbí aláìsàn rọpárọsẹ̀ máa ń yà lẹ́nu nígbà tí àwòrán bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn ní ẹ̀gbẹ́ kan orí, tí ó sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ara ni kò ṣiṣẹ́. Dókítà kò ṣàṣìṣe.

Ọ̀nà mìíràn tún ń ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ bọ̀, èyí tó ń mójú tó ìdúró àti bí ara kò ṣe ní dojú dé. Ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́ sì ń tún àṣẹ ṣe kí ìrìn lè gún. Òun ni ọtí máa ń dà láàmú tí ọ̀mùtí fi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹsẹ̀ méjì ni ìrìn àjò àṣẹ. Sẹ́ẹ̀lì òkè wà nínú ọpọlọ, fọ́nrán rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ sínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ wà nínú okùn náà, fọ́nrán tirẹ̀ ló sì ń lọ bá iṣan. Ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ ni o, àṣẹ ọpọlọ ni o, kò sí èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ iṣan láìgba ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀. Sherrington pè é ní ọ̀nà àjùmọ̀lò ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ kan, àrùn méjì

Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan náà, rọ, sọ àrùn méjì lórúkọ. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni ti àwọn ọmọdé tí kòkòrò polio ń fà. Rọpárọsẹ̀ ni ti àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń ṣokùnfà rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì lè rò pé bákan náà ni wọ́n rí nínú ara. Òòlù dókítà kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò polio máa ń pa sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀nà àjùmọ̀lò ti dí nìyẹn. Àṣẹ ọpọlọ kò lè kọjá, ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ náà kò lè kọjá. Bí a bá fi òòlù gbá orúnkún ọmọ náà, ẹsẹ̀ kò ní mira. Iṣan á dẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, nítorí pé iṣan tí kò rí sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún un kì í pẹ́ tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣì mọ̀ ọ́n lára bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà ìròyìn kò bàjẹ́.

Ti rọpárọsẹ̀ yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì òkè tàbí fọ́nrán rẹ̀ ló kú nínú ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ wà láàyè. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, apá àti ẹsẹ̀ á rọ lóòótọ́, bóyá ohun tí àwọn tó fún un lórúkọ rí nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀ aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ìgbọ̀nwọ́ á ká sí àyà, ọwọ́ á di ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ á nà gbọọrọ. Òòlù á kàn kan orúnkún díẹ̀, ẹsẹ̀ á fò ju bó ti yẹ lọ. Àṣẹ tí ọpọlọ ń rán sílẹ̀ nígbà tí ara dá kì í ṣe ti kí iṣan ṣiṣẹ́ nìkan. Ti sùúrù náà wà níbẹ̀. Bí ti sùúrù bá ti dẹ́kun, ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ á máa ṣe bó ti wù ú.

Àmì mìíràn tún wà tí kò gba irinṣẹ́ púpọ̀. Lọ́dún 1896, Joseph Babinski, dókítà kan ní Paris, kọ̀wé pé bí a bá fi ohun tó ní ẹnu díẹ̀ ha àtẹ́lẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ lọ síwájú, àwọn ọmọ ìka máa ń ká wọlẹ̀. Lára ẹni tí ọ̀nà gígùn rẹ̀ ti bàjẹ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á nà sókè dípò kí ó ká. Ọmọ ọwọ́ náà máa ń nà án sókè, ìyẹn kì í sì í ṣe àrùn: ọ̀nà tó ti ọpọlọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kò tíì gbó tán ni.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá ẹsẹ̀ tó rọ

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020 pé kòkòrò polio inú ìgbẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó gbẹ́yìn. Ọdún 2016 ni wọ́n rí irú rẹ̀ kẹ́yìn níbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ọ̀nà náà gùn. Lọ́dún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá, Kano sì wà lára wọn, dá àjẹsára náà dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Kó tó di pé Kano gbà á padà lọ́dún 2004, kòkòrò náà ti gba Nàìjíríà ràn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àrùn kan ti lọ? Kò ju ọmọ kan lọ nínú 200 tó ní kòkòrò yìí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ pátápátá. Àwọn yòókù lè má ju ibà lásán lọ. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ìlera kì í wá polio. Ẹsẹ̀ tàbí apá tó ṣàdédé rọ lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ni wọ́n ń wá, ohunkóhun tí ì báà fà á. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 láàárín méjèèjì, kí ọjọ́ 14 tó pé tí ara rẹ̀ rọ. Wọ́n á fi í sínú yìnyín ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn àti Maiduguri ni.

Nǹkan mìíràn máa ń mú ẹsẹ̀ ọmọdé rọ láìsí polio rárá. Nítorí náà, ibi tí ìṣọ́ bá ti dára, ó yẹ kí wọ́n rí ó kéré tán ọmọ kan nínú 100,000 lọ́dọọdún. Agbègbè tí kò bá rí ẹnì kankan kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Kò kàn wá a dáadáa ni. Ìṣọ́ yìí kò sì tíì dáwọ́ dúró, nítorí irú kòkòrò polio kan tó ti ara àjẹsára ẹlẹ́nu yí padà ṣì ń tàn ká níbi tí àwọn ọmọ tí kò gba àjẹsára bá pọ̀ sí, Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì wà lára àwọn ibẹ̀.

Ọ̀kan lára ohun tó ń mú ẹsẹ̀ rọ yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Àṣà gígún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ní abẹ́rẹ́ ní ìdí, lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ní síríńjì, ti ba ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Fọ́nrán tó nípọn jù lọ nínú ara gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá bà á, ẹsẹ̀ ọmọ lè rọ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ìrora. Bí ó bá sì jẹ́ pé kòkòrò polio ló ń fa ibà náà, ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ inú iṣan lè mú kí ẹsẹ̀ tí wọ́n gún gan-an rọ. Fún ọmọ ọwọ́, iwájú itan, lápá òde, ni àwọn elétò ìlera ń gún.

Nígbà tí àṣẹ ìdákẹ́ bá pòórá

Oró tẹ́tánọ́ọ̀sì kì í pa sẹ́ẹ̀lì kankan. Ó máa ń ti ojú ọgbẹ́ gba inú fọ́nrán gòkè lọ sínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yóò sì ti pa ẹnu àwọn sẹ́ẹ̀lì apanimọ́ tí a sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan dé. Kò tún sí ẹni tó ń sọ fún iṣan pé kó dákẹ́. Iṣan iwájú àti ti ẹ̀yìn á jọ súnkì pọ̀. Páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dì, ẹ̀yìn á tẹ̀ bí ọrun, ariwo ìlẹ̀kùn tàbí ìmọ́lẹ̀ lásán sì tó láti mú kí gbogbo ara gan. Gbogbo ìgbà yìí, ọpọlọ aláìsàn ń ríran, ó ń gbọ́ràn, ó sì ń mọ ìrora.

Ìkóko tó ń mu ọmú dáadáa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, tí kò wá lè mu ọmú mọ́ láti ọjọ́ kẹta, tí ara rẹ̀ sì ń le, ni àpẹẹrẹ tó burú jù. Ibi ìwọ́ tí wọ́n fi abẹ tí kò mọ́ gé, tàbí tí wọ́n fi ohun tí kò mọ́ pa, ni oró náà sábà máa ń gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ tí aboyún gbà ló ń dáàbò bo ọmọ náà. Àwọn kan máa ń pe èyí ní gìrì, wọ́n á sì máa wá àgbo, nígbà tí wákàtí ń lọ.

Ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ tó

Ní agbègbè Kwango ní Congo, àwọn ará Yaka ní orúkọ fún àrùn kan tó ń ṣàdédé mú ẹsẹ̀ méjèèjì le: konzo, tó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí a dè. Dókítà Giovanni Trolli kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́dún 1938. Ìgbà ọ̀dá, ìyàn tàbí ogun ló máa ń yọjú, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò ráyè rẹ pẹ́ tó, tí wọn kò sì rí ẹran tàbí ẹ̀wà fi tì í. Sẹ́ẹ̀lì òkè ni ó ń bà jẹ́: orúnkún á máa fò lábẹ́ òòlù, aláìsàn á sì máa fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn, ní ìgbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀pá méjì, títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn rí nǹkan mìíràn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn tirẹ̀ kò le. Wọn kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà ni, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ sì ti lọ lára ọ̀pọ̀ wọn, nítorí pé fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn wọlé ló bàjẹ́. Osuntokun so ó mọ́ oró sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́. Àwọn olùwádìí tó tẹ̀lé e ti jiyàn lórí ìyẹn. Gààrí tí wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa kó tó di yíyan ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú oró náà.

Lẹ́yìn ìjàm̀bá

Ọ̀nà àti òkè igi ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Bí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà bá forí sọ, àwọn tó wà nítòsí á sáré gbé ẹni tó farapa ní apá àti ní ẹsẹ̀, wọ́n á ká a sínú ọkọ̀. Àánú ni, ṣùgbọ́n eegun tó ti ṣẹ́ lè gé okùn tí kò tíì gé. Fọ́nrán tó ń mú èémí wọlé ti ọrùn jáde. Ìpalára tó bá wáyé lókè ibẹ̀ lè dá èémí dúró. Bí kò bá sí iná tàbí ewu mìíràn, kí wọ́n má ṣe gbé e títí olùrànlọ́wọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi dé. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ gbé e, orí pákó tó tẹ́jú ni, kí ọ̀pọ̀ ọwọ́ jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan sì di orí àti ọrùn mú kí ó má yí.

Nígbà tí okùn bá gé, ìsàlẹ̀ ibi tó ti gé á kọ́kọ́ dákẹ́ pátápátá, bí ẹni tí ìjì dà láàmú. Òòlù kò ní mú nǹkankan jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹsẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò, nígbà mìíràn á ká sókè fúnra rẹ̀ bí aṣọ bá kàn án. Inú ẹbí á dùn, wọ́n á máa pe ara wọn lórí fóònù pé ó ti ń gbé ẹsẹ̀. Dókítà tó dúró lẹ́bàá ibùsùn mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ ló jí, pé òun nìkan ló ń dá ṣe é, nítorí náà kì í ṣe òòlù ni yóò tún lò. Yóò tẹ̀ ba aláìsàn, yóò ní kó gbìyànjú láti mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, yóò sì máa wò ó.